Omi Tó Ń Ṣíwájú Láwúyì Wọ Yàrá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, ṣé ẹ tilẹ̀ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù? Ẹnu gbogbo yín ló ń gbé e. Ẹnì kan ṣoore, ẹ pa á fún un. Ọmọ yín ò fẹ́ bu nínú ẹran ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹ pa á fún un. Ẹ rò pé àgbàlagbà kan ló jókòó sábẹ́ ibòòji, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára, tó ronú títí tí òwe fi bọ́ sí i lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú balùwẹ̀ ni òwe yẹn ti jáde, ìbànújẹ́ ló sì bí i. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbájọ, ìlú tó jókòó sórí òkè bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin. Láwúyì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Òun ló ń tẹ́ ẹ sí balùwẹ̀ àti pálọ̀ àwọn èèyàn, òun náà ló sì ń gbé tóílẹ́ẹ̀tì aláwo funfun kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òun wà nínú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Bí Láwúyì bá tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ kan tán, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ da omi sí, omi náà yóò rá pálá lọ díẹ̀ bí àlejò tó ń wo ojúlé, lẹ́yìn náà yóò ṣẹ́rí sí ihò tó yẹ kó wọ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn a máa dà á wò. Wọn a da omi, wọn a dúró wò ó, omi a lọ, wọn a mi orí, wọn a ní ọwọ́ ọkùnrin yìí dára.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí Láwúyì fúnra rẹ̀ ń gbé, ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ṣáláńgá ni wọ́n ń lò. Ṣáláńgá ọ̀hún wà lẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó jẹ́ kìkì àpáta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, àpáta náà a máa dán bí orí apárí. Mopélọ́lá, ìyàwó Láwúyì, ti sọ̀rọ̀ yìí títí ó ti sú u. Ọkọ rẹ̀ a ní kí òun parí iṣẹ́ lágbájá ná. Iṣẹ́ lágbájá a parí, ti làkáṣègbè a bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn.

Ìyá Láwúyì ń bẹ láyé nígbà náà. Màmá Ọdúnọlá là ń pè é, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí agídí rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀yìn ògiri ilé ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ orí sàréè náà pẹrẹsẹ. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń lọ kí i. Bó bá ti jí, á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á sọ fún un bí ará ilé ṣe sùn, á sọ ẹni tó wá kí wọn lánàá, á tún sọ ohun tí Mopélọ́lá fẹ́ sè. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣáláńgá.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún sì gbá mọ́ àpáta. Kò pariwo. Ó dùbúlẹ̀ sínú òjò yẹn, ó ń wo ojú ọ̀run, títí Mopélọ́lá fi rí i pé Màmá pẹ́ jù, tó wá a lọ. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní egungun náà sán, pé yóò jinná ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè mọ́ láéláé. Wọ́n gbé e padà sílé. Mopélọ́lá ra póò tuntun, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá kò jẹun mọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ wá, á fi ṣíbí kàn àárín rẹ̀, á ní òun ti yó. Bí wọ́n bá gbé omi wá, á fi tọ́ ètè. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ojú rẹ̀ wọnú lọ. Wọ́n rò pé ìbàdí ló ń pa á lára, wọ́n ra oògùn sí i. Nígbà tó yá ni Mopélọ́lá jókòó tì í, tó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́. Màmá wá là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní ohun tí kò bá wọlé kì í jáde. Ó ní òun kò lè máa rí ìyàwó ọmọ òun kó máa gbé ìgbẹ́ òun kọjá níwájú àwọn ará ilé láràárọ̀. Ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa rù títí òun ó fi bá bàbá wọn.

Nígbà tí Mopélọ́lá sọ èyí fún Láwúyì, ọkùnrin náà jáde síta. Ó jókòó sórí ìloro, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ. Gbogbo tóílẹ́ẹ̀tì tó ti gbé kalẹ̀ káàkiri ìlú fún àwọn tí kò bí i, tí kò wò ó dàgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti pinnu. Yàrá kan wà nínú ilé náà tí bàbá rẹ̀ ń kó iṣu sí nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yàrá Màmá ló wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló sì wà láàárín rẹ̀ àti yàrá tí Láwúyì àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Yàrá iṣu yìí ni yóò sọ di balùwẹ̀.

Ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun. Mo fẹ́ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbí. Ẹ ò ní í jáde mọ́."

Màmá ní òun gbọ́, ó ṣeun. Ó ní nígbà tí òun bá rí ibi tí òun yóò jókòó sí, òun yóò jẹun.

Láwúyì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, ó sì ṣe bó ṣe yẹ. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri páìpù mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu páìpù náà sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí tóílẹ́ẹ̀tì yóò jókòó lé. Ihò tí omi ìwẹ̀ yóò gbà jáde, ìdí ògiri ẹ̀yìn kan náà ló fi í sí. Ó kù kó da ilẹ̀ kó sì tẹ́ táìlì. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀ wá wò ó. Mopélọ́lá fa Màmá lọ́wọ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá wo yàrá náà yíká. Ó bi í pé ibo ni ojú òun yóò kọ sí bí òun bá jókòó. Láwúyì ní ẹnu ọ̀nà ni.

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

Láwúyì wo ògiri ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́, Láwúyì? Ta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?"

"Bàbá ni, Màmá."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí bí ìyàwó, n kò yí ẹ̀yìn sí bàbá rẹ rí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un tán, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni mo ń fi rìn jáde. Ṣé ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni n ó wá ṣí ìdí sí i?"

Láwúyì bẹ̀ ẹ́, ó ní ògiri wà láàárín wọn. Màmá ní ògiri tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ fi ẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀, òun mọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Láwúyì ní ó dáa, òun yóò yí i padà kí ojú wọn lè kọ sí Bàbá. Èyí tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ní kí òun máa wò ó lójú kọ́rọ́kọ́rọ́ kí òun máa ṣe èyí tí òun ń ṣe? Ó yíjú padà, ó ní kí Mopélọ́lá fa òun lọ sí yàrá. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀kọ tí wọ́n gbé fún un, kò kàn án rárá.

Láwúyì jókòó sínú yàrá iṣu náà ní òun nìkan. Ọ̀nà kan ló kù, òun náà sì ni kó gbé tóílẹ́ẹ̀tì náà ti ògiri ẹ̀gbẹ́, kí Bàbá wà lápá òsì Màmá bó bá jókòó, bí tọkọtaya tó jókòó sórí àga gbọọrọ kan. Nígbà tó sọ fún un, Màmá ronú sí i, ó ní òun fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu páìpù ti wà níbi tó wà, ìdí ògiri ẹ̀gbẹ́ yìí sì jìnnà sí i. Láwúyì mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Kò tíì jinlẹ̀ tí irin fi dún gan-in. Àpáta ni. Ó sún síwájú, ó gbẹ́, àpáta. Àṣé yàtọ̀ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn tó ti gbẹ́, gbogbo ilé bàbá rẹ̀, orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, ńṣe ni yóò pe àwọn afọ́pàáta, wọn a fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì gbà wọ́n pẹ́. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá kejì bó ṣe ń wúkọ́, ikọ́ ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ló bá na páìpù náà sórí ilẹ̀ báyìí, ó da yẹpẹ àti sìmẹ́ǹtì lé e títí ó fi bò ó. Ibi tí páìpù gbà kọjá ga, nítorí náà ó gbé gbogbo ẹ̀yìn yàrá náà ga bá a. Nígbà tó ṣe tán, ilẹ̀ ga lẹ́yìn, ó relẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ihò omi sì wà lẹ́yìn lókè. Omi kì í gun òkè, ẹ̀yin náà mọ̀. Láwúyì mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí Màmá kọ́kọ́ jẹun ná, òun yóò tún un ṣe lẹ́yìn. Ó tẹ́ táìlì lé e, ó po sìmẹ́ǹtì tútù, ó gbé tóílẹ́ẹ̀tì lé orí rẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e títí sìmẹ́ǹtì yóò fi gbẹ. Ó jáde lọ wá ohun tó kù tí yóò fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Láwúyì ò rò ni pé Màmá ti rí ibi tí yóò jókòó sí. Ìlérí sì ni ìlérí. Mopélọ́lá gún iyán fún un. Màmá jẹ ẹ́, ó ní kó bù sí i. Ó jẹ ìyẹn náà, ó mu omi, ó tún ní kó bá òun wá ẹja tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Mopélọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún bó ṣe ń wò ó. Ó kó àwo lọ fọ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń kọrin lábẹ́ ètè.

Ẹ wá wo inú tó ti pẹ́ tí kò rí nǹkan gbà, tí ẹ di iyán sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Mopélọ́lá padà wọlé, ibùsùn Màmá ṣófo. Ó bá a ní balùwẹ̀. Màmá jókòó sórí tóílẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan di ògiri mú. Nítorí ìbàdí ọ̀tún tó ń dùn ún, gbogbo ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ sí òsì, tóílẹ́ẹ̀tì náà sì ti rì sínú sìmẹ́ǹtì tútù bá a lápá òsì, ó dagun bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan jò.

"Ìyàwó mi," Màmá bi í, "ṣé bó ṣe máa ń ṣe ni?"

 Mopélọ́lá gbé Màmá dìde, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e lọ sórí ibùsùn. Nígbà tí Láwúyì fi dé, oòrùn ti mú, sìmẹ́ǹtì ti di tóílẹ́ẹ̀tì náà mú gírígírí pẹ̀lú bó ṣe dagun. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó ti ń gbé tóílẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sí èyí tó dagun rí. Ó na ọwọ́ sí òòlù.

Màmá ti gbọ́ bí irin ṣe ń dún. Ó ké sí i láti yàrá rẹ̀, ó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Láwúyì ní òun fẹ́ fọ́ ọ kí òun tún un gbé, pé ó ti tẹ̀.

"Ọwọ́ ibo ló tẹ̀ sí?"

"Ọwọ́ ẹ̀yìn, Màmá. Ọwọ́ ibi tí Bàbá wà."

 Arúgbó náà ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti tẹ̀ kí bàbá rẹ, ìwọ kọ́ ni yóò fi òòlù nà án dìde."

Báyìí ni tóílẹ́ẹ̀tì ilé Láwúyì ṣe di èyí tó ń kí òkú. Kí ẹ sì má purọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rọra da omi sí i, yóò lọ. Ẹni tó bá jókòó lé e ni yóò fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ kó má baà yọ̀ bọ́.

Omi ìwẹ̀ ni tirẹ̀ yàtọ̀. Láwúyì ló kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀. Ó da omi sórí, ó fi ọṣẹ para, ó tún da omi sórí. Nígbà tó ṣí ojú, kò rí omi. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó rò pé ó ti bá ihò lọ. Ó wo ihò, ihò gbẹ táútáú. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Omi náà ti jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti wọ yàrá tirẹ̀ lọ tààrà bí ẹni tó mọ ibùsùn rẹ̀. Mopélọ́lá dúró láàárín yàrá pẹ̀lú ẹní lórí, ó ń wo bàtà ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń léfòó lọ sábẹ́ ibùsùn. Kò bú u. Ì bá dára bó bú u.

Láwúyì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n dá. Ó kọ́ ìdènà kékeré sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ náà kí omi má baà kọjá. Omi kò kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá náà kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ìbàdí rẹ̀ kò gbà á. Ó dúró lẹ́yìn ìdènà náà láàárọ̀ ọjọ́ kan títí ó fi tọ̀ sára, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ọ̀sán, kò fọwọ́ kàn án. Mopélọ́lá rí ìró tó ká sábẹ́ ibùsùn, ó mú un fi han ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Láwúyì fi fọ́ ìdènà náà kúrò.

Ó wá gbẹ́ ojú àgbàrá tóóró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lu ògiri, kí omi lè gba ibẹ̀ bọ́ sóde. Èyí ṣiṣẹ́ dáadáa. Inú Mopélọ́lá dùn, ó tẹ́ ẹní padà. Ṣùgbọ́n òde tí omi náà bọ́ sí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta ni, àpáta náà sì darí rẹ̀ lọ sí ibi kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀, omi ọṣẹ ti ń lọ sábẹ́ sàréè Bàbá látàárọ̀ dalẹ́, sìmẹ́ǹtì orí rẹ̀ sì ti rì ní ìhà ẹsẹ̀.

Bàbá Òjédìran ló kọ́kọ́ rí i. Àbúrò olóògbé ni, òun ni olórí ẹbí nígbà náà, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀ níwájú ènìyàn. Ó kó àwọn àgbà ẹbí wá. Wọ́n dúró yí sàréè náà ká, wọ́n ń wo ìfófòó ọṣẹ tó ń yọ létí rẹ̀. Láwúyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, kò sì gbé orí. Bàbá Òjédìran bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bàbá ẹni nìyẹn, kí èèyàn máa da èérí ìdí rẹ̀ lé e lórí. 

Ojú fèrèsé yàrá Màmá ni ohùn ti wá. Ó ní kí wọ́n má pa ọmọ òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n wọn kì í fẹ́ ooru nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wẹ̀ kó tó lọ sóko, kò sì sí ẹni tó ti da omi sí i lára láti ìgbà tó ti kú.

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ẹnì kan nínú wọn bojú wẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n Bàbá Òjédìran kò bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n dí ihò ògiri yẹn kí òun tó lọ, wọ́n sì dí i. Láwúyì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì náà. Omi sì padà sí ọ̀nà tó mọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti jáde síta. Obìnrin kan tó fẹ́ kí Láwúyì tẹ́ táìlì sí ilé tuntun rẹ̀ wá bá a nílé láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Obìnrin náà fi bàtà rẹ̀ tó dára tẹ omi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó yọjú wo balùwẹ̀, ó rí tóílẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀. Ó kí wọn, ó bọ́ sóde, kò sì padà wá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá rárá. Bí Láwúyì bá ń kọjá lọ nígboro, àwọn kan a rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń kí i. Ó di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó sórí ìloro pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa fi aṣọ nù ún, kò sì sí ibi tó ń gbé e lọ.

Màmá ní tirẹ̀ ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà, ohùn rẹ̀ le sí i. Láràárọ̀ ni yóò di ògiri mú lọ sí balùwẹ̀ rẹ̀, a jókòó títí, a sọ fún ọkọ rẹ̀ lápá òsì bí ará ilé ṣe sùn, a jáde, a sì béèrè oúnjẹ.

Àárọ̀ kan báyìí, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń jẹ èkuru. Láwúyì wẹ̀ tán, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀, ó gbọ̀n, ó gbé ìkejì. Màmá wò ó títí, ó gbé èkuru ẹnu rẹ̀ mì.

"Láwúyì ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tó rí ló sọ. Mopélọ́lá gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ lójú omi, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbà á. Bí ẹnì kan bá ṣe nǹkan gbágungbàgun tó wá padà sí i lára, wọn a ní ẹ wò ó, ó da omi síwájú. Òwe àbùkù ni. Orí Láwúyì ni wọ́n sì ń pa á lé.

Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ náà lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn wá mú bí kò ṣe mú rí. Ní ọjọ́ kan, Màmá jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, ó lọ sí balùwẹ̀ rẹ̀, ó padà wá dùbúlẹ̀. Ó pe Láwúyì, ó ní kó jókòó ti òun. Láwúyì jókòó. Màmá kò sọ nǹkan pàtàkì kan. Ó ní ilá náà yọ̀ dáadáa, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ. Ọwọ́ náà ló dì mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bo sàréè náà tán, Mopélọ́lá rọra bi ọkọ rẹ̀ bóyá kí wọ́n wá fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn báyìí, kí wọ́n tún un ṣe. Láwúyì wọ ibẹ̀ lọ, ó dúró. Tóílẹ́ẹ̀tì náà dagun sí àwọn méjèèjì tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó fi ọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, ó jáde. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn èèyàn lọ ná.

Àwọn èèyàn kò sì lọ. Gbogbo ẹbí ló wá jókòó ọ̀fọ̀. Ooru ọ̀hún burú débi pé páànù orí ilé ń dún táátáá, ilẹ̀ gbígbẹ ń jó wọn lẹ́sẹ̀ bí ìkòkò tó wà lórí iná, omijé àti òógùn sì dà pọ̀ lójú wọn. Wọ́n ń fi aṣọ fẹ́ ara wọn lórí ìloro, atẹ́gùn kankan kò sí. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀ ni omi ń kọjá lọ sí yàrá Láwúyì. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ nígbà tó ń wá ọ̀nà balùwẹ̀. Ó dúró. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ náà, ó sì jókòó pẹ̀ẹ́ síbẹ̀ láìtọrọ àyè. Òmíràn wá wò ó, ó jókòó tì í. Kò pẹ́ tí yàrá náà fi kún. Àwọn àgbà ìlú ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, wọ́n to ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ bí iṣu. Àwọn tó wà lóde ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ àwọn tó wà nínú ilé pé kí ẹlòmíràn lọ wẹ̀ sí i.

Bàbá Òjédìran dé nígbà tí oòrùn wà ní àárín gbùngbùn orí. Òógùn ti mu agbádá rẹ̀. Wọ́n fún un láyè létí ibùsùn. Ó wo omi tó ń wọlé bọ̀, ó wo Láwúyì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó tẹrí ba, tó ń retí èébú. Bàbá Òjédìran bọ́ bàtà. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ojú rẹ̀ padé díẹ̀díẹ̀ bíi ti ọmọ tó fẹ́ sùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ṣí fìlà, níwájú gbogbo ènìyàn.

 Bàbá Òjédìran ní òun gbọ́ pé nítorí kí ìyá Láwúyì lè jẹun ló fi da ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Láwúyì ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bàbá Òjédìran tún bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ jẹun. Láwúyì ní ó jẹun títí ó fi lọ. Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà, ó bọ́ sínú omi tó wà nílẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Láwúyì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Má dí i o. Sọ fún ẹni tó wà ní balùwẹ̀ kó bu omi sí i."